Òfin wo ni ká kọ́kọ́ gbé lọ sí Alágbàká? Ẹ wá sọ tẹnu yín

Akọ̀wé_Ọ̀yẹ́mẹkùn | Mọ́ńdè, 7:14 àárọ̀

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tí kò ráàyè wá sípàdé Sátidé, ẹ jẹ́ n fi ibi tí ọ̀rọ̀ dé hàn yín. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, ní Alágbàká l'Àkúrẹ́, pé kí wọ́n ṣòfin lórí àyíká àti lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ń fowó ẹ̀ rajà. Ohun tí kálukú dá lábàá pọ̀ débi pé ìwé mi kún. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de ọ̀rá àti tékéwéè funfun bí Èkó ṣe ṣe. Àwọn kan ní ká dá owó ìgò padà, kí ẹni tó bá ra ohun mímu inú ike san owó kékeré kan lé e, kó gbà á padà lọ́jọ́ tó bá dá ike náà padà. Ìdọ̀tí inú Odò Àlà wà ńbẹ̀. Igbó ọba tí wọ́n ń gé láìdábọ̀ wà ńbẹ̀. Kóńgò tí wọ́n ń lù nídìí àti ìwọ̀n kòkó tí kì í sòótọ́, bíìlì iná àfojúbù, àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìnkùlé onílé: méje pé.

Ẹnì kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn rí ló gbà wá nímọ̀ràn pé ìwé tó bá ru ẹrù méje, orí tábìlì ló máa ń sùn sí. Ká mú méjì. Bó pọ̀ jù, mẹ́ta. Èwo ni ká mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "gbogbo ẹ̀ ló dáa" fún mi. Mo ti gbọ́ ìyẹn yó ní Sátidé.

Ọlọ́kadà_Arákalẹ̀ | Mọ́ńdè, 7:31 àárọ̀

Gbogbo ẹ̀ ló dáa.

(Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ fà á.) Iná ni tèmi. Láti alẹ́ àná ni fóònù mi ti kú, ṣọ́ọ̀bù bábà ni mo ti ń tẹ èyí, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń pariwo sí mi létí.

Ìyá_Ẹléwé | Mọ́ńdè, 9:02 àárọ̀

Kóńgò ni tèmi o. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo lọ ra gààrí kóńgò márùn-ún lọ́jà kan, n kò ní dárúkọ ọjà. Obìnrin yẹn wọ̀n ọ́n fún mi tó ga gegere lórí, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má baà dà, ó tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e bí èènì. Mo dúpẹ́, mo tún ṣàdúrà fún un. Mo délé, mo fi kóńgò tèmi wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Mo gbéra, mo padà lọ. Mo ní kó fún mi ní kóńgò ẹ̀, mo dojú ẹ̀ délẹ̀, mo fọwọ́ kan ìdí ẹ̀: wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú, ó rí bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bóun ṣe rà á nìyẹn.

Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín. Kí ẹni tó bá lu kóńgò lọ rójú ẹ̀wọ̀n.

Lọ́yà_Alágbàká | Mọ́ńdè, 10:47 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ní àkójọ kan tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wà ńbẹ̀. Ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ wà ńbẹ̀, òkúta tí wọ́n ń fọ́ náà sì ń bá a lọ. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ ọ wà ńbẹ̀. Bí gbogbo aṣòfin 26 tó wà ní Alágbàká bá panu pọ̀ ṣòfin lórí kóńgò lónìí, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mú á gba lọ́yà, lọ́yà á sì fi ojú ìwé kan péré da òfin náà nù.

Torí náà, kí a tó sọ pé "èyí ló ń dùn wá jù", ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa pé ta ló lágbára lé e lórí.

Ìyá_Ẹléwé | Mọ́ńdè, 11:05 àárọ̀

Lọ́yà, ẹ ṣé. Ṣé Àbújá ló máa wá bá mi wo ìdí kóńgò l'Ọ́jà Ọba ni?

Lọ́yà_Alágbàká | Mọ́ńdè, 11:40 àárọ̀

Rárá, Ìyá. Ọjà fúnra ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Àbújá. Àfikún Kẹrin nínú òfin yẹn kan náà fi ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran àti kíkó ìdọ̀tí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìyálọ́jà má gbé kóńgò kan tó péye sẹ́nu ọ̀nà ọjà, kí wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ òpó, kí ẹni tó bá fura lọ tún ọjà ẹ̀ wọ̀n níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òfin òṣùwọ̀n, ìlànà ọjà ni. Ìwé kóńgò, ọ̀dọ̀ wọn ni kó lọ, kó kúrò nínú ti Alágbàká.

Ẹ má sì gbàgbé pé òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ti 2018, ti sọ pé kí olùtajà fi iye ọjà hàn, ó sì fún ẹni tó ra ọjà tí kò dáa lágbára láti dá a padà. Ọ̀pọ̀ wa ń sunkún òfin tuntun nígbà tí èyí tó wà ń jẹ eruku.

Ìyá_Ẹléwé | Mọ́ńdè, 11:52 àárọ̀

Kóńgò tí wọ́n so mọ́ òpó. Ìyẹn yé mi ju gbogbo èyí tó kù lọ. Màá bá àwọn ìyálọ́jà sọ ọ́. Àwọn kan nínú wọn á bínú.

Ọmọ_Ìdànrè | Mọ́ńdè, 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ti àwa tí à ń bẹ nínú oko.

Bí ẹni tó ń ra kòkó bá gbé ìwọ̀n ẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gun un. Lọ́dún tó kọjá ẹnì kan gbé tiẹ̀ dé, mo gun un, ó ní kílò 58. Kílò 66 ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé àìsàn ló ń ṣe mí ni, tí ìyàwó mi ò sọ fún mi?" Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ yí nǹkan kékeré kan lábẹ́ ìwọ̀n náà, ó ní kí n tún gùn ún. Ó di 65. Mo gba 65 náà bẹ́ẹ̀, torí ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ṣùgbọ́n Lọ́yà ti sọ̀rọ̀, ìwọ̀n kì í ṣe ti Alágbàká. Igbó ni mo mú. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ ló sì ń fúnni níwèé àṣẹ ìgégi nínú igbó ọba. Kò sí Àbújá tí wọ́n máa nawọ́ sí. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin kan ní 2023: kòkó tó bá wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, ẹni tó bá sì ń tà á gbọ́dọ̀ lè fi ojú ibi tí oko náà wà hàn lórí máàpù. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ inú 2020 yẹn kò yẹ̀. Oko bàbá mi ti wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Ẹni tó wọ igbó ọba lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó dáná sun ún, tó gbin kòkó, tó bá kó tiẹ̀ mọ́ tèmi nínú sítọ́ọ̀ kan náà, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ wá yàtọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kó wà nínú òfin kò tiẹ̀ le. Ẹni tí wọ́n bá fún níwèé àṣẹ ìgégi, kí wọ́n lẹ orúkọ ẹ̀, igbó tó fẹ́ wọ̀ àti iye igi tó fẹ́ gé mọ́ ara ògiri ní sẹkitéríátì ìjọba ìbílẹ̀ tọ́rọ̀ kàn. Kí ẹnikẹ́ni tó bá rí lọ́rì gẹdú lóru lè lọ wò ó láàárọ̀ bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ.

Kékeré_FUTA | Mọ́ńdè, 3:11 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, ẹ ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti tékéwéè ni mo mú wá. Èkó fòfin de tékéwéè funfun ní 21 Oṣù Kíní 2024. Wọ́n pariwo, wọ́n ní oúnjẹ ò ní ṣeé tà mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Kí ló dé tí Àkúrẹ́ ò lè ṣe é? Lẹ́yìn òjò, ẹ dúró lórí afárá Odò Àlà kí ẹ wo ohun tó ń kọjá. Funfun ni gbogbo ẹ̀.

Ìyá_Ẹléwé | Mọ́ńdè, 3:30 ọ̀sán

Ọmọ mi, èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹléwé ló yẹ kí n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún ẹ, torí ewé ni màá tà. Ṣùgbọ́n ibi òjìji ni ewé eéran ti ń hù, lábẹ́ igi ńlá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, kí oòrùn tó là làwọn tó ń já a máa ń dé. Ní báyìí, wọ́n ń dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní àwọn rìn jìnnà, ìdì tí wọ́n sì gbé lọ́wọ́ ti kéré. Ẹ fòfin de tékéwéè lóòótọ́, ewé tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, igbó wo ni kí n ti lọ já a?

Mo fara mọ́ ti Ọmọ Ìdànrè.

Ọlọ́kadà_Arákalẹ̀ | Mọ́ńdè, 3:44 ọ̀sán

FUTA, ṣé omi inú ọ̀rá náà wà lára ohun tí o fẹ́ fòfin dè? Tó bá wà níbẹ̀, jọ̀ọ́ wá sí Arákalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Fúráìdè wá sọ ọ́ fún àwa ọlọ́kadà. Wá nìkan.

Ìlàjẹ_Lórí_Omi | Mọ́ńdè, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá. Àyétòrò, ìlú tí àwọn bàbá wa tẹ̀ dó ní 1947, òkun ń gbé e lọ ní ilé kan sí èkejì. Ibi tí mo ti lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá fẹ́ fi ibẹ̀ han ọmọ mi, ìka ni mo fi ń tọ́ka sójú òkun.

Mo mọ̀ pé Lọ́yà á ní òkun ò sí nínú àkójọ ìpínlẹ̀. Òfin kankan ò sì lè ní kí òkun padà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí òfin sọ pé owó yòówù tí ìpínlẹ̀ bá yà sọ́tọ̀ fún etí òkun, kí àwa tí à ń gbé etí òkun lè rí ìwé ẹ̀ láì jẹ́ pé a mọ èèyàn.

Lọ́yà_Alágbàká | Mọ́ńdè, 8:18 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ará Ìlàjẹ. Tiyín yìí ti lọ́nà, ó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé Àkúrẹ́ níbí lọ́nà náà ti là. Òfin tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, FOI ti 2011, àwọn ìpínlẹ̀ sọ pé kò kan àwọn. Ẹnì kan béèrè ìwé ìṣirò owó ìpínlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́, ní 2018 wọ́n dájọ́ pé òfin náà kan ìpínlẹ̀. Ní 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi òǹtẹ̀ lu irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó. Ẹ kọ̀wé béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Màá bá yín wo ìwé náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Ìlàjẹ_Lórí_Omi | Mọ́ńdè, 8:26 alẹ́

Mo ti gbọ́. Màá kàn sí yín.

Bàbá_Ìjàpọ̀ | Túsìdeè, 6:03 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná, n kò sì tètè rí oorun sùn. Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan tí kò gba ìwé. Ẹ lọ sídìí gọ́tà tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ wo inú ẹ̀. Ike pọ̀ níbẹ̀, àbí? Ṣé ẹ rí ìgò?

Ìdí tí ẹ ò fi ní rí ìgò nìyí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí a bá fẹ́ ṣe ìnáwó, a ó lọ ra míńírà ní dípò, ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń kó ohun mímu fún ọlọ́jà. Tí o ò bá gbé kíréètì tí ìgò òfìfo kún inú ẹ̀ dání, wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, bébà yẹn sì ṣe pàtàkì ju ìwé ìpè ìyàwó lọ. Lọ́jọ́ kejì ìnáwó, ìyá àgbà á jókòó ti kíréètì, á máa kà á: "Ó ku ìgò méjì, ta ló gbé e?" Àwa ọmọdé á wọ abẹ́ àga, a ó wọ ẹ̀yìn ilé, a ó sì wá a rí. Ìgò ní olówó, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nù. Títí di òní, ìgò ọtí bíà, ẹ ò ní rí i nílẹ̀ kó pẹ́ kí ẹnì kan tó ṣà á, torí dípò ṣì ń gbà á.

Nígbà tí wọ́n gbé ike dé, wọ́n yọ owó yẹn kúrò, ike di ọmọ aláìníbaba. Kì í ṣe pé ara Àkúrẹ́ dọ̀bùn ju bàbá wọn lọ. Ohun tó ń mú wa ṣà á nílẹ̀ ni wọ́n mú lọ.

Owó ìgò ni kí ẹ gbé lọ. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún 33, àbá tí aṣòfin bá lè ṣàlàyé fún ìyá ẹ̀ nílé ló máa ń tètè kọjá.

Kékeré_FUTA | Túsìdeè, 8:30 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ojúmọ́ sà. Mo lọ wádìí ẹ̀ lóru àná lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà ti halẹ̀ mọ́ mi. Ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà ṣe irú òfin yìí ní 1971: sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ìgò àti agolo kọ̀ọ̀kan. Ní 2017 wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá, torí àwọn èèyàn ti ń ro sẹ́ǹtì márùn-ún pin. Jámánì fi ti ike àti agolo kún tiwọn ní 2003, sẹ́ǹtì 25 ti owó Yúrò ni. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ aráàlú bíi tiwa ló ń lé òfin náà kiri, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ohun mímu ló sì ń bá wọn fà á.

Mo yí ìbò mi padà. Owó ìgò.

Ọlọ́kadà_Arákalẹ̀ | Túsìdeè, 9:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ojúmọ́. Mo ní ìbéèrè o. Èrò mi máa ń mu ohun mímu lórí ọ̀kadà, kí n tó dúró ó ti sọ ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Owó tí wọ́n bá fi lé e, òun náà ṣì máa sọ ọ́ nù, torí kò ráyè.

Bàbá_Ìjàpọ̀ | Túsìdeè, 9:40 àárọ̀

Bí náírà 50 bá wà nílẹ̀ l'Arákalẹ̀, ṣé o máa gùn ún kọjá?

Ọlọ́kadà_Arákalẹ̀ | Túsìdeè, 9:41 àárọ̀

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Lọ́yà_Alágbàká | Túsìdeè, 12:25 ọ̀sán

Mo fẹ́ràn ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ n gún un lábẹ́rẹ́ kí àwọn ọ̀tá ẹ̀ tó gún un lọ́bẹ. Oǹdó ò dá wà nínú ọgbà. Ìlú Àkúrẹ́ ò jìnnà sí ààlà Èkìtì. Ẹni tó wà n'Íkẹ́rẹ́ á ra ike tí kò san owó kankan lé lórí, á kó o dé Àkúrẹ́, á gba owó tí kò san. Ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà, tí owó tiwọn jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ti bá irú ẹ̀ yí gan-an, àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ kó agolo wá láti ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wọ́n. Ìkejì, tí a bá kọ ọ́ bí owó orí, wọ́n á gbé e lọ kóòtù pé ìpínlẹ̀ ń gbowó orí tí kì í ṣe tiẹ̀. Owó onígbọ̀wọ́ ni ká pè é, kó má wọ àpò ìjọba rárá, kó wà láàárín dípò, ọlọ́jà àti ẹni tó mu ún.

Ìyá_Ẹléwé | Túsìdeè, 1:10 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ Èkìtì. Ọlọ́jà ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi obìnrin tó ń ta omi tútù ò ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Tí gbogbo àdúgbò bá da ike padà síbẹ̀, ibo ló máa jókòó sí?

Bàbá_Ìjàpọ̀ | Túsìdeè, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè gidi lẹ bi, Ìyá. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù wá sí ṣọ́ọ̀bù, òfìfo ló ń padà lọ sí dípò. Láyé ìgò, kò sí ọkọ̀ tó ń padà lófìfo, kíréètì ló ń kó lọ. Kí òfin sọ pé ẹni tó bá já ẹrù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ike padà lọ́jọ́ tó bá wá. Ike ṣeé tẹ̀ pọ̀, ìgò ò ṣeé tẹ̀. Inú àpò ṣaká kan gba púpọ̀. Ní ti ará Ìkẹ́rẹ́, kí dípò tó wà ní Oǹdó lẹ àmì kan mọ́ ara tiwa. Ike tí kò bá ní àmì, kò ní owó.

Ó máa náni lówó díẹ̀, mo mọ̀. N kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Alàgbà_Ọbà-Ilé | Túsìdeè, 7:20 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí ti gbàgbé iná. Àdúgbò wa dáwó ra tiransifọ́mà, a ra òpó, a ra wáyà, a gbé oúnjẹ fún àwọn tó wá gbé e sókè. Lọ́jọ́ tó tanná, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní ó ti di tàwọn. Ilé tó wà lódìkejì mi ò ní olùgbé láti Oṣù Kẹfà, ewúrẹ́ ló ń sùn ní bárandà ẹ̀, bíìlì tí wọ́n gbé wá fún un dọ́gba pẹ̀lú tèmi tí mo ní firíìjì méjì. Ṣé ewúrẹ́ ń lo firíìjì ni?

Lọ́yà_Alágbàká | Túsìdeè, 8:05 alẹ́

Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí. Ti iná gan-an ni agbára ìpínlẹ̀ tó sí jù báyìí. Àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè àti Òfin Iná Mànàmáná, méjèèjì ní 2023, ló ṣílẹ̀kùn. Ní 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iná, fa àmójútó ti Oǹdó lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, ọ́fíìsì tó sì ń mójú tó o ni OSERB. Òfin ti wà nílẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn lẹ nílò. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sítáǹpù lu ẹ̀dà tiyín. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé ẹ̀dà onísítáǹpù yẹn lọ sí OSERB. Láìsí sítáǹpù, wọ́n á ní àwọn ò rí yín rí.

Alàgbà_Ọbà-Ilé | Túsìdeè, 8:30 alẹ́

Sítáǹpù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn pé iná jáde nínú ìwé, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Títì_Ọ̀wọ̀ | Túsìdeè, 9:12 alẹ́

Àwa tí òkúta ń já lù lórí páànù ńkọ́? Ògiri yàrá mi ti là, mo ń rí àdúgbò láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́yà_Alágbàká | Túsìdeè, 9:30 alẹ́

Tiyín, Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti 2007 ló dé e: ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ni ìlú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta, ìgbìmọ̀ kan sì wà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká. Ẹ bi ọba àti olóyè yín bóyá wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n sì fi hàn yín. Ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn lónìí, ẹ tún yà á lóṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé_Ọ̀yẹ́mẹkùn | Wẹ́sìdeè, 7:00 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo bá a dé, kí ẹ tún un ṣe.

Owó ìgò àti ìwé igbó ló ń lọ sí Alágbàká. Kóńgò ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú Ìyá Ẹléwé níwájú. Iná di ìwé ẹ̀sùn, Alàgbà ló máa kọ ọ́. Òkúta, Lọ́yà ti sọ ọ̀nà. Tékéwéè dúró ná, kí ewé kọ́kọ́ padà. Ní ti Odò Àlà, mo rò ó títí. Ní àdúgbò mi, bójò bá ti ṣú, ẹ ó gbọ́ ariwo, "Ẹ gbélẹ̀ jáde o!" Obìnrin kan ń bẹ lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ wa, ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa méjì, pẹ̀lú ọ̀rá lórí bí fìlà, kí àgbàrá lè lágbára dáadáa kó tó da tiẹ̀ sí i. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ akólẹ̀ ò lè wọ kọ̀rọ̀ wa, òótọ́ ló sì sọ, kẹ̀kẹ́ gan-an ń fara họ ògiri níbẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé owó ìgò bí ìpínrọ̀ kan, pé ẹni tó bá ń ti ọmọlanke kó ike nínú kọ̀rọ̀, kí wọ́n má máa lé e.

Bàbá_Ìjàpọ̀ | Wẹ́sìdeè, 7:48 àárọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá aṣòfin kan tó máa gbé e wọlé kí ẹ tó gbé ìwé lọ fún gbogbo ilé. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pe aráàlú láti wá sọ tẹnu wọn, ibẹ̀ sì ni àwọn oníke máa gbé lọ́yà wá. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ kún ibẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ fọ́tò. Lẹ́yìn kíkà kẹta, gómìnà ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, aṣòfin 18 nínú 26 ló lè sọ ọ́ dòfin láìsí òun. N kò tíì rí ibi tí ìyẹn ti rọrùn.

Ọmọ_Ìdànrè | Wẹ́sìdeè, 12:30 ọ̀sán

Mo wà ńbẹ̀. Ẹ má fi í sí àkókò ìkórè kòkó, mo bẹ̀ yín.

Ìyá_Ẹléwé | Wẹ́sìdeè, 1:02 ọ̀sán

Ẹ má sì fi í sí àárọ̀. Àárọ̀ ni ewé ń dé, ìyẹn tó bá dé.

Ọlọ́kadà_Arákalẹ̀ | Tọ́sìdeè, 5:37 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n gbádùn. Èrò ò pọ̀ lónìí, mo gbé ọ̀kadà dúró, mo rìn lẹ́bàá gọ́tà láti ibi tí a ń dúró sí títí dé ọ̀dọ̀ obìnrin alákàrà, mo ń kà. Àwọn èèyàn rò pé orí mi ti dàrú. Ike 117. Ìgò kan, ó ti fọ́.

Akọ̀wé_Ọ̀yẹ́mẹkùn | Tọ́sìdeè, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ṣé o ya fọ́tò? Jọ̀ọ́, sọ pé o ya fọ́tò.

Ọlọ́kadà_Arákalẹ̀ | Tọ́sìdeè, 6:04 ìrọ̀lẹ́

Mo yà á. Fóònù kú níbi àádọ́rin, alákàrà ló fi tiẹ̀ ya èyí tó kù. Ọ̀rá ò sí nínú ẹ̀ o, n kò lè ka ọ̀rá.